Ampiclox kì í ṣe pàúdà o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da oògùn sójú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ní Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ gbọ́ èyí

Ìrọ̀lẹ́ ni ọjà àwọn ẹlẹ́kẹ́míìsì máa ń yá jù ní Bàrígà. Táwọn èèyàn bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó, tí wọ́n ra búrẹ́dì tán, ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ló kàn. Ẹni tí orí ń fọ́ wà níbẹ̀, ẹni tí ibà ń ṣe wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra oògùn tí kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ orúkọ ẹ̀ náà wà níbẹ̀, tó ń dọ́gbọ́n dúró kí ibẹ̀ dá. Àárín wọn náà lẹ ti máa rí ìyá àgbàlagbà kan, tàbí ọkọ tí ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó máa ní kí wọ́n fún òun ní Ampiclox káàdì kan. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbé e mì o. Wọ́n fẹ́ ṣí i ni, kí wọ́n da ìyẹ̀fun inú ẹ̀ sójú ọgbẹ́ ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Àṣà yìí kì í ṣe tòní. Kí Ampiclox tó gbòde, kápúsù pupa àti yẹ́lò, ìyẹn tetracycline, làwọn bàbá wa ń ṣí dà sójú egbò. Bí ọmọdé bá ṣubú níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ni. Bí ọ̀kadà bá bó èèyàn lẹ́sẹ̀, òun náà ni. Kò wá yà wá lẹ́nu pé nígbà tí wọ́n bá la obìnrin níkùn gbé ọmọ jáde, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ohun tí ojú ti mọ́ náà ni ìyá ọkọ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é, a ò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n ibi tó da oògùn sí kọ́ ni ibi tó yẹ kó wà, àsìkò tó lò ó náà sì kọ́ ni àsìkò ẹ̀.

Ohun tá a ń sọ ni pé oògùn apakòkòrò, èyí táwọn dókítà ń pè ní antibiotic, lè ṣe é kí ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ má kẹ̀, kó má sì ṣọyún. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣe é dáadáa. Àmọ́ kí abẹ tó kan ara ló yẹ kó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa gbé mì fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n ti rán ọgbẹ́ tán, owó tó lọ lásán ni nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ. Èyí tẹ́ ẹ dà sójú ọgbẹ́, ìyẹn tún burú ju owó tó lọ lásán lọ.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí, kó gbọ́ iye tó wà ńbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2016, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà tuntun jáde lórí ohun tó yẹ ní ṣíṣe kí ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ má baà kẹ̀. Wọ́n ní láwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́, nínú èèyàn 100 tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún, ọgbẹ́ àwọn 11 ló máa ń kó kòkòrò. Nílẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí, wọ́n ní ó lè tó 20 nínú 100 àwọn obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí wọn. Ẹ tún un kà dáadáa: obìnrin márùn-ún gbé ọmọ délé, ọgbẹ́ ọ̀kan nínú wọn lè kẹ̀. Ọmọ ń sunkún ọmú, ìyá ò lè dìde, ara ẹ̀ ń gbóná, òórùn ń jáde lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi wé ikùn ẹ̀, ọkọ tó ṣì jẹ gbèsè owó ọsibítù àkọ́kọ́ tún ń wá ẹni tó máa yá a lówó. Àwọn kan ò sì ní dìde mọ́.

Ta ló wá sọ pé kí abẹ tó kan ara ni àsìkò ẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1961, oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, John Burke lorúkọ ẹ̀, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ẹranko kékeré kan tó jọ eku ẹmọ́, tí òyìnbó ń pè ní guinea pig, ló fi ṣe é. Ó gún kòkòrò sí wọn lábẹ́ awọ, ó sì ń fún wọn ní oògùn apakòkòrò ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tí oògùn ti wà lára wọn kí kòkòrò tó wọlé, ojú ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wú. Bó ṣe ń pẹ́ sí i kó tó fún wọn ni agbára oògùn náà ń dín kù. Nígbà tó fi máa di wákàtí mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀ láàárín èyí tó gba oògùn àtèyí tí wọn ò fún ní nǹkan kan. Wákàtí mẹ́ta péré o! Ẹ wá fi wé ẹni tó ń ra kápúsù ní ọjọ́ kẹrin.

Àwọn kan lè ní ti ẹranko nìyẹn. Ó dáa. Lọ́dún 1992, David Classen àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Salt Lake City, ní Amẹ́ríkà náà, tẹ tiwọn jáde lórí èèyàn 2,847 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Àwọn tó gba oògùn láàárín wákàtí méjì ṣáájú kí wọ́n tó la ara wọn, bíi 6 nínú 1,000 ni ọgbẹ́ wọn kó kòkòrò. Àwọn tí ó ti ju wákàtí mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí wọ́n là wọ́n kí wọ́n tó gbà á, bíi 33 nínú 1,000. Àwọn tí wọ́n tiẹ̀ kánjú jù, tí wọ́n ti fún lóògùn nígbà tó ṣì ku ohun tó ju wákàtí méjì lọ, tiwọn jẹ́ bíi 38 nínú 1,000. Oògùn ti ń tán lára wọn kí abẹ tó dé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Awọ ara èèyàn ni ògiri ilé. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí, tí wọ́n pọ̀ ju èrò ọjà Ìdúmọ̀tà lọ, ń gbé lórí ògiri yìí lójoojúmọ́, wọn kì í yọ wá lẹ́nu. Ìgbà tí abẹ bá la ògiri ni wọ́n ń rọ́nà wọlé. Bí oògùn bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹran ara lásìkò yẹn, bí ọlọ́dẹ tó ti jókòó sẹ́nu géètì kí olè tó fo fẹ́ǹsì ló rí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí olè ti wọlé, tó ti fara pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ tó lọ gba ọlọ́dẹ, géètì wo ló fẹ́ ṣọ́?

Ìdí nìyẹn tí àjọ WHO fi sọ pé láàárín wákàtí méjì ṣáájú kí abẹ tó kan ara ni kí wọ́n ti fún èèyàn lóògùn náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, abẹ́rẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fún èèyàn lóògùn oorun. Cefazolin ni WHO fi síwájú jù fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ, ó sì ti wà lọ́jà tipẹ́tipẹ́. Tí iṣẹ́ abẹ bá pẹ́ jù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tó dà bá pọ̀, wọ́n lè tún un gún nínú tíátà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Kì í tiẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ ló nílò ẹ̀, dókítà ló mọ èyí tó yẹ.

Tàwọn obìnrin tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí wọn ní ìtàn tiẹ̀. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ dókítà kì í fún wọn ní abẹ́rẹ́ yìí àfi tí wọ́n bá ti gé ìwọ́ ọmọ tán. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí oògùn má baà kan ọmọ. Nígbà tí ìwádìí wá fi hàn pé ìyá ń jèrè ẹ̀ gan-an tó bá gbà á ṣáájú, WHO là á mọ́lẹ̀ lọ́dún 2015 pé kí wọ́n máa fún ìyá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í là á, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

Ìlànà ọdún 2016 yẹn náà tún sọ ohun kan tó ta ko ohun tí ojú wa ti mọ́. Wọ́n ní tí iṣẹ́ abẹ bá ti parí, kí wọ́n má fi oògùn ìdènà yìí lọ síwájú mọ́, torí kò dín kíkẹ̀ kù rárá. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyẹn. Lọ́dún 2013, àwọn dókítà ọsibítù ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin tí wọ́n ti mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí wọn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan lóògùn apakòkòrò fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fún àwọn yòókù fún ọjọ́ púpọ̀, bí ọ̀pọ̀ ọsibítù wa ṣe ń ṣe. Nígbà tí wọ́n yẹ ọgbẹ́ wọn wò, àwọn tó gba púpọ̀ kò sàn ju àwọn tó gba díẹ̀ lọ. Ilé-Ifẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe London.

Síbẹ̀, ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe láwọn ọsibítù ńlá mẹ́rin nílẹ̀ wa, tó jáde lọ́dún 2017, fi hàn pé àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń gba oògùn apakòkòrò ju ìdajì lọ. Àwọn tí wọ́n sì ń fún nítorí iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbà á ju ọjọ́ kan lọ.

A ò ní torí ẹ̀ dá àwọn dókítà nìkan lẹ́bi. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ níbi tí iná ti lè lọ láàárín iṣẹ́, tó jẹ́ pé omi bòòlì ni wọ́n fi ń fọ nǹkan, ọkàn ẹ̀ kì í balẹ̀. Ó máa ń rò pé kápúsù ọjọ́ méje á bá òun bo ibi tó ṣẹ́ kù. Àwa aláìsàn gan-an ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ pé kò sí oògùn mìíràn láti rà, ẹ máa lọ sílé. Kí wọ́n tó dé ìta, àwọn mọ̀lẹ́bí á ti máa sọ pé dókítà yìí ò mọṣẹ́, ṣé wọ́n á ṣe irú iṣẹ́ abẹ ńlá yìí kí wọ́n má kọ oògùn? Ni wọ́n bá yà sí kẹ́míìsì, wọ́n ra tiwọn.

Owó tó ń bá a lọ kì í ṣe kékeré mọ́. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé àwọn fẹ́ káńgárá wọn kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ló ń ta Augmentin àti Ampiclox tí gbogbo ayé mọ̀. Látìgbà náà ni owó Augmentin ti fò sókè ní ìlọ́po ìlọ́po, tí àwọn mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ tó jọ ọ́ sì kún ìgboro. Ojúlówó wà nínú wọn, ayédèrú náà sì wà níbẹ̀, kò ṣe é fojú mọ̀. Ẹ rántí pé ní oṣù kejì, ọdún 2025, àjọ NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba, nítorí ayédèrú àti oògùn tí kò yẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì Ṣómólú ti ń kó ọjà. Ẹ wá wò ó: èèyàn yá owó ra oògùn tí kò nílò, ó sì lè jẹ́ pé ìyẹ̀fun lásán ló rà.

Ká tún padà sórí dídà á sójú ọgbẹ́. Ọ̀fun ni wọ́n ṣe kápúsù fún, kó lọ yòrò nínú ikùn. Ìyẹ̀fun inú ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n pa gbogbo kòkòrò inú ẹ̀ kú kí ó lè kan ẹran ara tó ṣí sílẹ̀. Tí ẹ bá dà á sí i, á bá omi ọgbẹ́ pò, á le gbagidi bí ẹ̀kọ tó gbẹ sínú ìkòkò, ọyún á máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lábẹ́, òkè á dà bí ohun tó ń jinná. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wo ibẹ̀ kò ní rí nǹkan kan àfi kó kọ́kọ́ máa fọ̀ ọ́. Ẹni tí ara ẹ̀ kò gba penicillin tún wà ńbẹ̀, nítorí ìran penicillin ni Ampiclox. Wíwú lè bẹ̀rẹ̀, èémí sì lè há.

Ọ̀nà mìíràn tó fi ń gbẹ̀san ni pé àwọn kòkòrò ń kọ́gbọ́n. Alexander Fleming tó rí penicillin lọ́dún 1928 ti kìlọ̀ ẹ̀ fún gbogbo ayé níbi tí wọ́n ti fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1945, pé ẹni tó bá ń lo oògùn náà díẹ̀díẹ̀ láìtó, ṣe ló ń kọ́ kòkòrò bí kò ṣe ní kú mọ́. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ni kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́ pa káàkiri ayé lọ́dún 2019 nìkan. Apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tá a wà yìí, ló ti pọ̀ jù tá a bá fi wé iye èèyàn. Lọ́jọ́ tí ọgbẹ́ ìyá ọmọ bá wá kẹ̀ lóòótọ́, tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó yẹ, tí kòkòrò náà fi ṣẹ̀rín, ibi tó ti kọ́ ọ nìyẹn.

A gbọ́dọ̀ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níbí o, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ ju oògùn nù nítorí ìwé ìròyìn. Ìdènà yàtọ̀ sí ìtọ́jú. Ẹni tí appendix ẹ̀ ti bẹ́ sínú, ẹni tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti lu ìfun ẹ̀, kòkòrò ti wà nínú tiwọn kí wọ́n tó gbé wọn dé tíátà. Irú àwọn yẹn gbọ́dọ̀ gba oògùn fún iye ọjọ́ tí dókítà bá sọ, kí wọ́n sì lò ó pé. Ẹni tí ọgbẹ́ ẹ̀ bá kẹ̀ náà, ìtọ́jú ló kàn.

Abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà ṣá. Àwọn ohun kan wà tí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń fi bíléèdì fá irun abẹ́ ara wọn nílé kí wọ́n tó lọ fún iṣẹ́ abẹ, kí ojú má baà tì wọ́n níwájú nọ́ọ̀sì. WHO ní kí wọ́n má fá a rárá. Bíléèdì ń ṣá awọ ní kékeré kékeré tí ojú ò rí, ibẹ̀ ni kòkòrò ń kó sí. Tó bá di dandan kí irun kúrò, ẹ̀rọ ìgẹrun ni kí wọ́n lò lọ́sibítù. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ, ìyẹn dáa. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó sọ ọ́ síta, torí ṣúgà tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná.

Èyí tó dùn wá jù ni ti àwọn tó ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ. A mọ àdúrà tí wọ́n ń gbà, pé àwọn á bí bí obìnrin Hébérù, abẹ ò ní kan àwọn. Àmín o. Ṣùgbọ́n tí omi bá ti já láti àná, tí ìrọbí ti wọ ọjọ́ kejì nílé agbẹ̀bí, tí wọ́n ti fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láìmọye ìgbà, kí wọ́n tó wá sáré gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ṣómólú tàbí Gbàgádà lóru, kòkòrò ti gòkè wọnú ilé ọmọ. Abẹ́rẹ́ kan kí abẹ tó dé kò lè ká gbogbo ìyẹn mọ́.

Àwọn dókítà náà ní ohun tí wọ́n lè ṣe tí kò wọ́n. Lọ́dún 2022, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 81 lórílẹ̀-èdè méje, tí Nàìjíríà àti Benin wà nínú wọn, fi hàn pé tí àwọn oníṣẹ́ abẹ bá lè pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irin iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó rán ikùn pa, ọgbẹ́ tó ń kẹ̀ á dín kù láti bíi 19 sí 16 nínú 100. Ìbọ̀wọ́ lásán o! Ẹ tún wo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ara yín lé lọ́wọ́. Ilé alájà kan tí wọ́n sọ di ọsibítù pọ̀ ládùúgbò wa. HEFAMAA ni iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń forúkọ ọsibítù sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe àfojúdi.

Kí wọ́n tó gbé yín wọ tíátà, ẹ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo nílò abẹ́rẹ́ apakòkòrò, ìgbà wo lẹ sì máa gún un?” Oògùn tí ara yín kì í gbà, ẹ sọ ọ́ lásìkò yẹn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé, tí wọ́n bá kọ kápúsù, ẹ bi wọ́n bóyá ìdènà ni tàbí ìtọ́jú. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ibi tí wọ́n dì, kí ìyá ọkọ náà fọ tiẹ̀.

Bí ojú ọgbẹ́ bá pọ́n sí i dípò kó máa sàn, tó gbóná, tó wú, tó ń rùn, tí omi tàbí ọyún ń jáde, tí ojú rírán já, tàbí tí ibà dé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ náà ni kẹ́ ẹ padà sí lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó lè jẹ́ ṣíṣí ni wọ́n máa ṣí i, kí ọyún lè jáde, kí wọ́n sì gbé díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ sí láàbù láti mọ oògùn tó máa ràn án. Kò sí kẹ́míìsì tó lè ṣe ìyẹn. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ ń fara hàn. Àmọ́ àwọn tí wọ́n fi irin sí léegun, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ọsibítù eegun Ìgbóbì nítòsí Fádéyí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945, tiwọn lè tó àádọ́rùn-ún ọjọ́ kó tó jáde. Torí náà, ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀ rìn lọ sọ́jà, tó wá rí omi tó ń jáde lójú ọgbẹ́ lóṣù kejì, Ìgbóbì ni kó padà lọ, kó mú káàdì ẹ̀ dání.